Ibi Tí Ó Ti Máa Ń Gbọ́ Túbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní kí n bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́ fún ohun kékeré. Ojú tèmi náà kò sàn ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní awò ojú. Mo fi itọ́ lọ́ orí òwú náà títí ó fi ṣe ṣóńṣó, mo tì í bọ̀ ọ́, mo dá abẹ́rẹ́ padà fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà." Mo padà sí ìdí tíì mi. N kò rántí ohun mìíràn tí a sọ ní àkókò yẹn. Mo ti gbìyànjú.

Kakí líle kan ni ó ń rán. Aṣọ náà ti fìgbà kan rí jẹ́ aṣọ ojú fèrèsé ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àpò ni ó fẹ́ fi ṣe, àpò ńlá tí a ó máa fi bo túbà tuntun tí ìjọ wa fẹ́ rà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, túbà ni ó tóbi jù nínú àwọn fèrè idẹ tí àwọn òyìnbó kó wá. Ènìyàn a gbé e lé itan, tàbí kí ó fi okùn gbé e kọ́ èjìká bí ó bá ń rìn, ẹnu rẹ̀ a sì là gbàgàdà sójú ọ̀run. Òun ni ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí àwọn fèrè kékeré bá ń sáré lókè, túbà ni ilẹ̀ tí wọ́n ń sáré lé. Àwọn ará Adó kì í pè é ní túbà nígbà náà. Bàbá Fèrè ni wọ́n ń pè é.

Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, èmi sì ni mo ń darí ẹgbẹ́ afọnfèrè. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ó kàwé, ó mọ dò-rè-mì dáadáa, ó sì ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tíṣà ni ó ń pè mí, nílé àti níta. Èmi a máa pè é ní Mísíìsì. Ẹ̀fẹ̀ ni nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, lẹ́yìn náà ó di orúkọ.

Àjíǹde ọdún náà ni Bàbá Fèrè àtijọ́ kú. Òyìnbó oníwàásù kan ni ó fi í sílẹ̀ fún wa nígbà tí ó ń lọ sílé, ó sì ti gbó kí ó tó kúrò lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìyìn ti fi òjé lẹ ara rẹ̀ títí òjé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju idẹ lọ. Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde tí a ń lọ sí Gálílì, ó ya ní ìdí lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde, ìró rẹ̀ sì dà bí ti àgbò tí òtútù mú. Èmi ni mo gbé e kọ́rùn. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé odò.

Ìjẹ̀bú kan wà ní àdúgbò Òkè-Ìlá tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń lọ sí Èkó tí ó sì ń bọ̀. Òun ni ìjọ bẹ̀ pé kí ó bá wa wá òmíràn. Méjì ni ó gbé dé. Ó ní àwọn tí ó ni wọ́n gbà kí a yan ọ̀kan, kí ọkọ̀ òun sì gbé ìkejì padà fún wọn. Ọ̀kan funfun bí fàdákà, tuntun ni, ó ń dán. Ìkejì jẹ́ idẹ pupa, wọ́n ti lò ó rí, ara rẹ̀ ti ṣú, ó sì ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n jọ ga bákan náà, ṣùgbọ́n pupa wúwo ju funfun lọ. Èyí tí a bá mú nínú méjèèjì, òun ni a ó máa lò títí àwa tí a wà láyé nígbà náà yóò fi lọ tán, nítorí ìjọ wa kò ní lè ra òmíràn mọ́. Òun ni yóò máa ṣáájú òkú, òun ni yóò máa ṣáájú ìyàwó, òun ni yóò máa gbé orin ìkórè. Wọ́n ní kí èmi yàn án. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ó ń yàn.

Ìdí nìyí. Ẹni tí ó ń fọn túbà kò lè mọ bí ó ti ń dún. Ìró rẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rò pé gbogbo ìlú ni ó ń gbọ̀n pẹ̀lú òun. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà kò mọ̀. Àfi ẹni tí ó bá jìnnà. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí. Òdìkejì odò, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀ṣì, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí. Ní ọ̀sán kan ó lọ sá aṣọ nígbà tí àwa ń kọ́ orin ìsìnkú. Nígbà tí mo délé, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó ní:

"Tíṣà, níbi tí mo wà lónìí, Bàbá Fèrè yín ń tẹ̀lé orin lẹ́yìn bí ìyàwó tó ń bínú."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ bi àpáta."

N kò lọ bi àpáta. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó tún lọ dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, láti ìgbà náà ni ó ti di iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn túbà gún, tàbí bóyá mo ń fọn ọ́n jù, Mísíìsì a gun àpáta. Bí ó bá dára, a ṣí gèlè rẹ̀, a gbé e sókè kí a lè rí i láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá dára, a jókòó. Kò ní fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan, a kàn jókòó. Ó di àṣà ọ̀rọ̀ láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àṣìṣe, ì báà jẹ́ ní ìdí oúnjẹ, wọn a ní, "Mísíìsì ti jókòó o." Èmi kò dúró lórí àpáta yẹn rí ní àkókò tí a ń fọn fèrè. Èmi ni mo ń fọn.

Lẹ́yìn tíì àárọ̀ ọjọ́ náà, àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú. Ó ti gbé fèrè méjèèjì sórí tábìlì, ó fi aṣọ nu èyí tí ó funfun títí ó fi ń bù yẹ̀rì.

"Mísíìsì, ẹ wá wo ojú yín. Dígí ni mo gbé wá fún yín, mo wá fi fèrè ṣe èènì."

"Mo mọ bí ojú mi ti rí," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ikùn rẹ̀."

Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó fi oríkèé rẹ̀ kan ara fèrè funfun náà, ó gbé etí sí i. Ó kan èyí tí ó pupa. Ó tún padà sí funfun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ń ra ìkòkò. Ìkòkò tí ó bá sán, bí kò tilẹ̀ hàn sí ojú, yóò sọ fún ìka.

"Ẹ̀yin ará Èkìtì!" Ìjẹ̀bú náà pàtẹ́wọ́. "Ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ nìyẹn o!"

"Ẹni tó fẹ́ tà ni kì í fẹ́ ká kan ìkòkò."

"Tíṣà, ẹ bá mi mú ìyàwó yín."

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bi wá pé èwo wá ni a mú. Ìyàwó mi ní ó di ìrọ̀lẹ́, ọjà ń pariwo jù, bí òòrùn bá rọ̀ òun yóò gun àpáta. Ó fa tépù rẹ̀ yọ, ó wọn àwọn fèrè náà nítorí àpò, a sì lọ sílé.

Nígbà tí a délé, ó rán aṣọ náà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ na ẹ̀yìn kí òòrùn tó rọ̀. Mo ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí òòrùn rọ̀, mo lọ jí i. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn. Kí a tó rí ẹni tí yóò bá wa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò mí mọ́.

Bí ó ti rí nìyẹn. Àwọn ènìyàn máa ń retí pé kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kún. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wọ aṣọ fún un. Bàbá Ìjọ, tí ó jẹ́ àgbà jù láàrin wa, wá jókòó tì mí. Ó ní a kò lè sin Mísíìsì láìsí Bàbá Fèrè. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, Ìjẹ̀bú náà ti ru èyí tí ó funfun lé orí ara rẹ̀, òun tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń rù ú bọ̀ láti Òkè-Ìlá. Káfíńtà kan tí ó jẹ́ igbákejì mi nínú ẹgbẹ́ ni ó fọn ọ́n. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí n lọ sí ibojì. Wọ́n ní ẹni tí ó jẹ́ àgbà kì í wo ilẹ̀ tí a gbẹ́ fún àbúrò. Mo jókòó nínú ilé. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mo mọ orin tí wọ́n ń fọn, èmi ni mo kọ́ wọn. Ìṣó kan wà lára ògiri tí a máa ń fi fìlà kọ́. Mo ń wo ìṣó náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyàwó ilé ń gbé oúnjẹ wá. Mo ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n sì rò pé ó dùn mọ́ mi, wọ́n ń gbé púpọ̀ sí i wá. Mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó ní kí n padà. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n ń yìn mí ní ìlú pé mo ní sùúrù. Kì í ṣe sùúrù. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kú nítorí pé ó jókòó lé e pẹ́, ẹnikẹ́ni kì í yìn ín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní sùúrù.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, Bàbá Ìjọ dúró lẹ́yìn àwọn ìyókù. Ó ní, "Ọmọ mi, a ti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ fèrè yẹn. A ní ká má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Funfun ni a ó mú."

Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Òun ló sin ìyàwó rẹ. Ohun tó bá ti báni sin òkú kúrò nínú ulé, kò yẹ ká tún lé e padà sójà. Ó ti di ti wa. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí tìrẹ ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó lọ. Ó gbà pé mo ti fara mọ́ ọn. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó gbé e yẹ̀ wò bóyá fèrè náà dára, nítorí ẹnikẹ́ni kì í wo eyín ẹni tí ó bá a ru pósí. Bí mo bá sọ pé kí a dá a padà, yóò dà bí ẹni pé mo ń da omi ìwẹ̀ òkú sí wọn lára. Mo mọ èyí dáadáa. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, kò dùn mí, kò sì dẹ̀rù bà mí.

Ìjẹ̀bú wá ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó.

"Tíṣà, ọkọ̀ ń di ẹrù. Bàbá ní kí n gbé pupa padà. Ṣé kí n gbé e?"

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ọ̀la?"

"Ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́."

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó lọ, mo wọ yàrá, mo mú àpò kakí náà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, níbi tí ó ti dúró, òwú tí mo tì bọ̀ ọ́ sì ń bẹ lójú rẹ̀. Mo rántí pé ó ti wọn àwọn fèrè. Mo rántí pé ó ti kàn wọ́n. Mo gbé àpò náà, mo rìn lọ sí Òkè-Ìlá, n kò dé fìlà. Mo fi àpò wọ funfun, tí wọ́n ti gbé padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ó gbà á. Mo bọ́ ọ, mo fi wọ pupa. Ó gba pupa náà, kò fẹ̀ jù, kò fún jù. Ó ti rán an kí ó lè gba èyíkéyìí.

Ìjẹ̀bú dúró lẹ́yìn mi. "Kí ni ẹ ń wá, Tíṣà?"

"Kò sí."

Ó bá mi ká àpò náà, ó sì sìn mí dé ojú ọ̀nà ńlá.

Ní ọ̀nà ilé ni mo yà sọ́dọ̀ káfíńtà. Ó ń fá pákó. Mo ní kí ó bá mi kó fèrè méjèèjì lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí ó fi ọ̀kan fọn orin ìsìnkú ní ẹsẹ kan, kí ó sì fi ìkejì fọn ọ́n.

"Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọn?"

"Èyí tó bá wù ọ́. Má sọ fún mi. Èmi yóò kẹ̀yìn sí yín."

"Ta ni yóò wà lórí àpáta, Tíṣà?"

"Èmi."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. "Ẹ̀yin ẹ fẹ́ gun àpáta?"

"Ṣé arọ ni mí ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. Mo ní kí ó máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìjọ ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó dé. Wọ́n ti sọ fún un. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ dá ohun tó sin ìyàwó rẹ padà ni?"

"N kò tíì gbọ́ ọ, Bàbá."

"Báwo lo ṣe wá ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ṣebí o wà nínú ulé nígbà tó ń dún. Gbogbo Adó gbọ́ ọ."

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. N kò gbọ́ ọ."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wo ilẹ̀. Bàbá Ìjọ gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà mi.

"Lọ gbọ́ ọ," ni ó wí.

Mo dé fìlà mi dáadáa, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Omi kò pọ̀. Ọ̀nà tí ó gun àpáta le ju bí mo ti rò lọ, èmi tí mo ti ń rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá. Àwọn obìnrin ti kó aṣọ wọn, àfi aṣọ ìró kan tí ẹni tí ó ni ín gbàgbé, tí ó ti gbẹ gan-an-gan. Mo rí ibi tí Mísíìsì máa ń jókòó sí. Kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí, ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti lè rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láìsí igi tí ó dí i. Mo gbé ọwọ́ sókè sí wọn, mo sì kẹ̀yìn.

Èyí tí káfíńtà kọ́kọ́ fọn dé bí ẹni tí ó ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbọ́ pé ó ń pè, ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí ohùn kan kò tíì parí, òmíràn ti gun orí rẹ̀. Mo dúró títí ẹsẹ náà fi parí. Nígbà náà ni mo yí padà, tí mo rí i tí funfun ń kọ mànà lọ́wọ́ káfíńtà. Mo jókòó.

Gbogbo àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí ẹni tí ó wà lórí àpáta bá jókòó. Bàbá Ìjọ náà mọ̀ ọ́n. Òkúta náà gbóná lábẹ́ mi, òòrùn ọjọ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo dìde, mo tún kẹ̀yìn. Káfíńtà fọn ìkejì. Ohùn kìíní dé, n kò lè sọ pé etí ni ó gbà wọlé. Ó wá láti ìsàlẹ̀, ó dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ohùn kejì sì dúró tì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, bí Mísíìsì ti sọ fún mi. Orin tí wọ́n fi sin ín ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo yí padà sí wọn. N kò ní gèlè. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e sókè, mo sì mú un dúró níbẹ̀ títí Bàbá Ìjọ fi gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti fi hàn pé òun ti rí i.